Omi Ń Gòkè Bọ̀, Ìwé Ilẹ̀ Wa Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, sọ níbi ìpàdé gbogboogbò wa ní Àjàṣẹ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú, ohùn mi kò ròkè mọ́ bíi ti àtijọ́.

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òkun tó ń gòkè, àbúrò mi kan láti Kétu rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan ará Kétu nínú ọ̀rọ̀ òkun? Láti ilé wa dé etí òkun lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kí omi tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ọmọ mi á ti darúgbó." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wà láàrin yín níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ dá lóhùn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tóbi tó. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ etí òkun ayé jọ, èyí tí gíga rẹ̀ kò ju mítà 10 lọ, kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lára ilẹ̀ ayé lọ. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà láyé, ọ̀kan ń gbé lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ibi tí odò bá ti fẹ́ já sí òkun, ó máa ń da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú, ẹja á pọ̀, ọkọ̀ ojú omi á máa ríbi gbà. Kò sí aláìgbọ́n tó lọ gbé ibẹ̀. Oúnjẹ ló gbé wọn lọ.

Òkun náà sì ti gòkè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà láàrin 1901 sí 2018. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ ya ìka yín sọ́tọ̀. Láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka tó kéré jù, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Èéfín epo àti èédú tí ayé ń jó ti mú kí ayé gbóná sí i. Omi tó bá gbóná á wú, ẹni tó bá ti gbé ìkòkò kaná rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yìnyín ilẹ̀ olótùútù náà ń yọ́, ó ń ṣàn wọ inú òkun. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ń gùn ju mìlímítà mẹ́ta lọ lọ́dọọdún, ó sì yára ju ti ìgbà àwọn bàbá wa lọ.

Ẹ lè ní ìka ọwọ́ kan kì í ṣe nǹkan. Lára òkè kò jẹ́ nǹkan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ da ife omi kan sórí tábìlì, ẹ wo ibi tó máa ṣàn dé. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tábìlì ni. Omi tó gòkè díẹ̀ á rìn jìnnà kó tó dúró. Kó tó di pé omi fúnra rẹ̀ dé, iyọ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé. Iyọ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga, yóò wọ oko. Àgbàdo á máa pọ́n ní etí ewé, ẹni tó ni oko á ní ẹnì kan ló ṣe òun. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Òkun ti bẹ̀ ẹ́ wò láì kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo ìlú méjì tí wọ́n ti rí i ṣáájú wa. Àkọ́kọ́ ni Bangladesh. Ilẹ̀ àbàtà ni púpọ̀ nínú gúúsù wọn, àgbẹ̀ ìrẹsì àti apẹja ló kún ibẹ̀. Ní 1970, ìjì òkun kan kọ lu wọ́n lóru. Àwọn tó kú kò dín ní 300,000. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1972. Ọmọ abúlé ni wọ́n kó jọ, kì í ṣe ṣọ́jà. Wọ́n fún wọn ní rédíò, àsíá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé bí ìjì bá ń bọ̀, kí wọ́n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí ìjì ńlá mìíràn tún dé ní 2007, àwọn tó kú lé ní 3,000. Ó pọ̀, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ti àkọ́kọ́.

Èkejì ni Hólàńdì. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin ilẹ̀ wọn ló wà ní ìsàlẹ̀ òkun, mo ní ìsàlẹ̀. Gbogbo wa là ń sọ pé olówó ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n ní símẹ́ǹtì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó lówó rárá, àwọn àgbẹ̀ wọn ti ń dá ìgbìmọ̀ omi sílẹ̀ ní agbègbè wọn. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀ á dá owó, á sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà wà títí dòní, wọ́n ń dìbò yan èèyàn sínú rẹ̀. Ní 1953, omi ya wọlé lóru, ó pa èèyàn 1,836. Ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá lórí òkun, iṣẹ́ náà kò parí títí di 1997. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni èyí: kí wọ́n tó gbé òkúta kan lé èkejì, wọ́n mọ ẹni tó ni ilẹ̀ wo, wọ́n sì mọ iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ó wà nínú ìwé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì òkun máa ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ilẹ̀, á máa tì í láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn: láti Gánà wọ Tógò, láti Tógò wọ Bẹ̀nẹ̀, láti ọ̀dọ̀ wa wọ Nàìjíríà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan mítà kúbíìkì lọ́dún. Iyanrìn yìí ni oúnjẹ etíkun. Ibi tó bá ti dúró lọ́nà, ibi tó wà níwájú á pebi, òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

Àwa la sì dá a dúró. Ní 1965, bàráàjì Akosombo dí odò Volta ní Gánà, ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí odò náà ń kó wá sí òkun jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ebúté Kútọnu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú apá òkúta rẹ̀ tó nà wọ inú omi. Ti Lómé tẹ̀ lé e ní 1968. Ní 1987, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ parí bàráàjì Nangbéto lórí odò Mono. N kò bú ẹnikẹ́ni o. Iná Akosombo ni mo fi kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni iná wa ti ń wá nígbà náà. Ebúté Kútọnu ló ń san púpọ̀ nínú owó oṣù tí èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn, ìlú kọ̀ọ̀kan wo ààlà tirẹ̀ nìkan. Iyanrìn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ààlà.

Ẹ wá wo etí òkun láti ìwọ̀ oòrùn. Ní Keta ní Gánà, òkun ti wó apá kan odi àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó kọ́ ní ìgbà òwò ẹrú. Ní Tógò, ọ̀nà àtijọ́ láti Lómé sí Aného bọ́ sínú omi, wọ́n ní láti la òmíràn. Ní Grand-Popo, apá tó pọ̀ nínú ìlú tí àwọn Faransé kọ́ kò sí mọ́. Ní ìlà oòrùn Kútọnu, ẹ̀yin tó mọ ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ mọ iye ilé tó ti wọ omi lọ. Wọ́n ti rọ òkúta síbẹ̀, wọ́n ní épi, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òkúta bá parí sí, ibẹ̀ ni òkun á ti tún bẹ̀rẹ̀. Iwájú Kútọnu sì ni Sèmè, iwájú Sèmè ni ààlà, lẹ́yìn ààlà ni Àgbádárìgì. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú Ayétòrò wà, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n. Òkun ti gba òpópónà lẹ́yìn òpópónà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ké, wọ́n ń sún sẹ́yìn.

Ní 2018, Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WACA láti dáàbò bo etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló kọ́kọ́ wọlé. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti pààlà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Gánà tí iyanrìn ti ń bọ̀ kò sí nínú àwọn àkọ́kọ́ yẹn, Nàìjíríà tí iyanrìn ń lọ kò sí níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí márùn-ún ń bu omi nínú odò kan, tí méjì nìkan jókòó sọ̀rọ̀ lórí bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kó gbẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan mi gan-an ni mo dé yìí. Òkúta wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ náwó á béèrè pé: kí la fẹ́ dáàbò bò, èló ni owó rẹ̀? Ní Kútọnu, ebúté wà, òtẹ́ẹ̀lì wà, ilé ìjọba wà. Owó wọn wà nínú ìwé. Ní abúlé etí omi, kí ló wà? Lójú ìwé, kò sí nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo wà lára àwọn tó kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí omi kún, bìrò tí mo wà rán àwa mẹ́rin lọ ka òfò ní abúlé kan lẹ́bàá omi. Fíìsì tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ní àyè fún ilé bíríkì, ilé onípáànù, ilé ìtajà àti ohun ìrìnnà. Ìyá àgbà kan mú mi lọ́wọ́, ó bá mi sọ̀rọ̀ ní Gùn. Ó fi oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ hàn mí, omi ti bò ó. Ó fi ààrò tó fi ń yan ẹja hàn mí, ó ti wó. Ó fi ibi tí akaja ọkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ nínú omi hàn mí, gbogbo ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ẹja ló ti ṣàn lọ. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi." Mo ní, "Ìyá, kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí." Ó wo ìwé náà pẹ́, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé. Ó ní, "Ó dáa, kọ ọ́ nígbà náà pé n kò sí."

Òdo ni mo kọ. Nígbà tí ìrànlọ́wọ́ dé, ìlú tí ilé símẹ́ǹtì pọ̀ sí gba owó. Abúlé yẹn gba àpò ìrẹsì. Mo lè sọ pé àṣẹ ni wọ́n pa fún mi. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn ìwé náà ṣófo, mo lè kọ ohun tí mo rí sẹ́yìn rẹ̀. N kò kọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe ni mo ń rántí, ṣùgbọ́n mo ń rántí òdo yẹn.

Ó yá, àbúrò mi ará Kétu, ìwọ ló kàn.

Odò Ouémé tó kọjá lẹ́bàá Ṣábẹ, tó sì kọjá ní ìwọ̀ oòrùn Kétu, níbo ló ń lọ? Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bonou, Adjohoun, Dangbo, dé Aguégués, á wá wọ ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, àwọn olùkọ́ wa máa ń yangàn pé yàtọ̀ sí ti odò Náílì, kò sí ilẹ̀ odò tó lọ́ràá tó ti Ouémé ní Áfíríkà. N kò rí ẹni tó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n mo ti jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú omi yẹn, ibi tó ń gbà jáde sínú òkun ni ẹnu ọ̀nà tóóró tí àwọn Faransé gbẹ́ ní Kútọnu ní 1885. Bí òkun bá gòkè níwájú ẹnu ọ̀nà yẹn, omi òjò kò ní ráàyè jáde kíá. Gọ́tà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dí ni. Ní 2010, gbogbo wa rí ohun tí ìkún omi ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí: èèyàn bí 680,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, odò á fà, iyọ̀ òkun á gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Nítorí náà, ará ìsàlẹ̀ ń gba ti òkè, ó ń gba ti òkun.

Bí ilẹ̀ wọn ò bá wá gbà wọ́n mọ́, ibo ni wọ́n máa lọ? Wọn ò ní wọ inú òkun. Ilẹ̀ òkè ni wọ́n máa wá, Ṣakété, Pobè, Kétu. Ẹ̀yin náà ti ń rí ọkọ̀ tó ń gbé àwọn olùrà ilẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n kan á ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àbúrò mọ̀, òǹtajà á tún tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n á pàdé ní kóòtù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí omi lé dé ọ̀dọ̀ rẹ láìsí ìwé, láìsí owó, àti ìwọ tí ilẹ̀ rẹ kò ní ìwé, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa jà. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ níbòmíràn ló máa kó ilẹ̀ lọ.

Òfin ti wà. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ilẹ̀ ti 2013 tí wọ́n tún ṣe ní 2017 fàyè gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière, pé ẹbí yìí ló ni ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kò tíì di titre foncier, ṣùgbọ́n ó ju ẹnu lásán lọ. Tógò náà ní òfin ilẹ̀ tirẹ̀ láti 2018, kí ẹ̀yin ará Atakpamé béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Kí la ní lọ́wọ́ ní tiwa? Pèrègún. Pèrègún tí bàbá ńlá wa fi pààlà, àti bàbá àgbà kan tó mọ ibi tó wà. Iyọ̀ á pa pèrègún, ikú á mú bàbá àgbà. Bí omi bá bo ibẹ̀, ẹ máa tọ́ka sí omi, ẹ máa ní oko wa wà lábẹ́ rẹ̀?

Etí òkun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba lábẹ́ òfin. Bí òkun bá ń wọlé, etí rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ìwé kí ó tó dé ni yóò lẹ́nu láti béèrè owó gbà-máà-bínú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ní ìwé ń fa owó orí, pé bí ìjọba bá ti mọ ilẹ̀ ẹni, yóò gbà á. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀, mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wà ní ìhà kejì tábìlì náà. Ilẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ló rọrùn jù láti gbà, nítorí kò sí ẹni tí a máa kọ lẹ́tà sí. Àwọn mìíràn ní ká lọ bọ Olókun. Ẹni tó bá fẹ́ bọ ọ́, kó bọ ọ́, kó padà dé kó wá fi orúkọ sílẹ̀.

Níbi ìpàdé ayé lórí ojú ọjọ́ ní Íjíbítì ní 2022, wọ́n fẹnu kò pé kí àpò owó kan wà fún àwọn ìlú tí òfò yìí ń bá. Ìjọba ló máa lọ tọrọ níbẹ̀, iye òfò tó wà nínú ìwé ni yóò sì mú lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí bá àwọn mẹ́rì sọ, kí àwọn aṣòfin wa sì gbọ́, ni pé kí fíìsì òfò ní àyè fún oko, fún akaja, fún ààrò ẹja, fún igi ọ̀pẹ. Kí wọ́n kà wọ́n kí omi tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n sì máa pe Gánà àti Nàìjíríà sí ìjókòó kí wọ́n tó rọ òkúta mìíràn sínú òkun. Ìyẹn ti àwọn ìjọba. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ tiwa.

Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, màá máa jókòó sí iwájú ilé ẹgbẹ́ wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ní gègé, mo ní ìwé, ojú mi ṣì ń ríran pẹ̀lú awò. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan mú ẹni méjì tó mọ ààlà wá, àti aládùúgbò kan tó bá wọn pààlà, ká lè kọ ohun tí mẹ́rì máa béèrè sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. Ẹ mú àwọn obìnrin ilé wá. Òfin ẹbí wa láti 2004 fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ogún bàbá rẹ̀, àwọn ló sì ń ro púpọ̀ nínú ilẹ̀ etí omi yìí. Ẹ má mú owó kankan wá fún mi.

Èmi fúnra mi ti padà lọ sí abúlé yẹn ní ọdún tó kọjá. Ìyá náà ti kú. Mo bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìdí ààrò ẹja tuntun tí wọ́n kọ́ sókè díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ilẹ̀ rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ta ló kàn?